Ìràwọ̀ Àkọ́kọ́ Yegor

Pápákọ̀ Bàálù Ajagun,
Abúlé Vishnyovka,
Kúbánì.
19 Oṣù Karùn-ún, 1943.

Klava, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Petya kékeré ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ara tèmi le, àfi ọwọ́ mi tí òróró ìbọn ti bà jẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ nílé ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń yẹ lẹ́tà wò gbọ́dọ̀ kà.

O mọ̀ mí ní atọpinpin. Èmi ni mo ń ki ọta sí bàálù Ọ̀gágun Savchuk àti ti Yegor, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń fò tẹ̀lé e láti ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Savchuk ti já bàálù Jámánì mẹ́rìnlá lulẹ̀, ìràwọ̀ pupa kan ni a sì ń kùn sára bàálù awakọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá já; ó ku ẹyọ kan kí wọ́n fi ìràwọ̀ wúrà dá a lọ́lá. Yegor ò tíì já ọ̀kankan. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rù bà á, ó fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀run, ó sá wálé. Kọ́nẹ́lì, olórí pápákọ̀ wa, ní bí ó bá tún dán an wò, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń lọ, àwọn tí wọ́n ń tì síwájú ìbọn. Ta la mọ̀ tó ti ibẹ̀ bọ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn méjèèjì jọ lọ, wọ́n jọ bọ̀. Yegor bẹ́ sílẹ̀, ó ń pariwo: "Faina! Mo já a! Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó di iná!" Ọ̀gágun ní bẹ́ẹ̀ ni, ìṣojú òun ni. Mo gun bàálù Yegor láti ki ọta tuntun. Ọta pé síbẹ̀, ẹyọ kan ò dín! Kò rántí fa irin ìbọn sẹ́yìn kó tó tẹ̀ ẹ́, ìbọn ò sì lè yìn láìṣe bẹ́ẹ̀. Ọta inú ìbọn Ọ̀gágun ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mo lọ bá Ọ̀gágun lẹ́yìn àwọn àgbá epo.

"Ọ̀gá, kẹẹ̀ẹ́dógún yín lẹ fi tọrẹ yẹn o."

"Ṣé ìwọ lo wà lókè ni?"

"Ọta kì í parọ́. Èmi ni mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé."

"Kọ ọ́ nígbà náà. Kọ́nẹ́lì á kà á." Ó fẹ́ èéfín sìgá. "Faina, ẹni tó bá gbà pé òun ti já ọ̀kan kì í sá mọ́."

Klava, ẹ̀rù bà mí. Bí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, èmi náà gbé. Síbẹ̀, mo tú ọta inú bàálù Yegor, mo kó o sínú ti ọ̀gá rẹ̀, mo wá kọ ọ́ sínú ìwé pé Yegor ló yìn wọ́n.

Yegor ò sì sá mọ́ lóòótọ́. Bí a bá ń jẹ oúnjẹ káṣà, á fi ṣíbí júwe bí òun ṣe já a, ìtàn náà ń gùn sí i lójoojúmọ́. Àfi bí mo ṣe ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

Lánàá, ó já ọ̀kan ní ti gidi. Ó sọ̀kalẹ̀, kò pariwo.

"Faina, kí lo ṣe sí ìbọn yìí? Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, gbogbo bàálù ń gbọ̀n rìrì. Ti ọjọ́sí ò ṣe báyìí."

Mo ní òróró tuntun ni. Ó wò mí, ó wo ọ̀gá rẹ̀ tó ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tiwa ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Bá mi kí Ìyá, kí o sì gbé Petya jó fún mi. Mo fẹ́ parí lẹ́tà yìí ní àárọ̀ òní, ni mo bá kọ́kọ́ lọ wo àwọn bàálù. Nínú ìràwọ̀ pupa méjì, kan ṣoṣo ló kù lára ti Yegor; ó ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ti Ọ̀gágun pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀dà èyí tó kẹ́yìn ò tíì gbẹ. Ọ̀gágun dúró wò ó títí, kò pa á rẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sílé,
Faina.