Ohùn Yín Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Dísìkì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe ná, nítorí tí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, mo mọ ara mi, mo lè kí yín títí ìwé á fi kún kí n má sì sọ ọ́. Mo ti pa ohùn yín rẹ́. Gbogbo fíìmù tí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún Ìyá, tí ẹ gbà sílẹ̀ sínú dísìkì kékeré inú agolo wàrà, kò sí ọ̀kan tó kù. Olè kọ́ ló gbé e, òjò kọ́ ló pa á. Èmi ni, ìka ọwọ́ mi yìí ni, lọ́sàn-án gangan, ojú mi sì là sílẹ̀. Ó ti lé lóṣù kan báyìí tí mo ti ń gbé e kiri nínú mi.

Ṣé ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọdún tí ojú Ìyá kọ̀ tí kò ríran mọ́ ni àbúrò mi tó wà ní Àjàṣẹ́ ra àpótí dúdú kékeré yẹn wá sí Pobè fún yín, èyí tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tó ń fi kọnẹsọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì gbé fíìmù wá láti ibi gbogbo láyé, tó sì ń tọ́jú wọn sínú ara rẹ̀. Inú bí mi nígbà náà. Mo ní ta ló ń ra ohun wíwò wá sílé ẹni tí kò ríran? Ìyá ò rí àwòrán, wọn ò sì gbọ́ Faransé. Kí ló wá kù fún wọn nínú fíìmù? Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ló kù.

Ẹ máa ń dé láti ìdí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ àgbàdo, ìyẹ̀fun á ti kun irun yín funfun, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó jókòó ti Ìyá lórí bẹ́ńṣì, ẹ ó sì pa tẹlifíṣọ̀n lẹ́nu mọ́. “Àjọkẹ́, jókòó dáadáa, wọ́n ti ń bọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo fíìmù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu yín, bó jẹ́ ẹṣin ló ń bọ̀, bó jẹ́ ọlọ́pàá, bó sì jẹ́ pé kò tíì sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Òyìnbó onírun pupa á di Àkànní. Ẹni tó bá ti wọ kóòtù, ẹ ó ní ọ̀gá kan láti Kútọnu ni. Nígbà tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ nínú fíìmù kan, ẹ ní ó dà bí ìgbà tí àpò gààrí tú sílẹ̀ lọ́jà Sakété tí ẹnikẹ́ni ò ráyè gbá a. Ìyá béèrè bóyá gààrí náà kúnná. Ẹ ní ó kúnná dáadáa.

Bí fíìmù bá sì ti ń lọ sópin, ẹ máa ń wúkọ́ kékeré kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo fíìmù, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Gbogbo wa nínú ilé ló mọ ikọ́ náà. A ní ìyẹ̀fun àgbàdo ni.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ tí ẹ kì í tètè dé mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀, kí Ìyá lè máa gbọ́ ọ lọ́sàn-án tí ẹ kò bá sí nílé. Èmi ni mo kọ́ yín bí a ṣe ń dà á sínú dísìkì. Èmi náà ni mo ra rédíò kékeré tí à ń ki dísìkì náà bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ da ìrẹsì sínú agolo wàrà, ẹ tẹ́ dísìkì lé e, ẹ ní kí ọ̀rinrin má baà wọ̀ ọ́. Mo fi yín rẹ́rìn-ín títí. Ẹ wò ó, ọ̀rinrin kò wọ̀ ọ́. Ọmọ yín ló wọ̀ ọ́.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ohùn yẹn ni Ìyá fi ń jẹun ọ̀sán. Ìrántí ọdún kan yín wá ń súnmọ́lé. Àpótí fíìmù ti kún, ó ń gbóná, ó ń pa ara rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ń kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé òun ò ní àyè mọ́, kí á so dísìkì mọ́ òun. Ẹ̀rù bà mí pé lọ́jọ́ kan kò ní tàn mọ́, tí gbogbo fíìmù tí ẹ fúnra yín yàn á sì bá a lọ. Mo pinnu pé màá kó wọn jáde. Mo tún rò ó pé, kí ló dé tí mi ò fi ní kó wọn sínú dísìkì tí ohùn yín wà, kí àwòrán àti ọ̀rọ̀ wà lójú kan náà, kí àwọn ẹbí tó bá wá síbi ìrántí lè máa wo fíìmù kí wọ́n sì máa gbọ́ yín? Èrò dáadáa ni, Bàbá. Ẹ bá mi sọ pé èrò dáadáa ni.

Ìyá wà lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣa ẹ̀wà. Mo so dísìkì mọ́ àpótí. Ó kọ ọ́ ní Faransé pé kí òun tó lè fi dísìkì yìí ṣe ilé ìkẹ́rù òun, òun á kọ́kọ́ tún un ṣe, àti pé ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀ á parẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo kà á. Ṣùgbọ́n mo kà á bí a ṣe ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, tí ojú ń kọjá lórí rẹ̀ tí ọkàn ti wà lọ́jà. Iná ti lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fẹ́ parí kó tó tún lọ, aṣọ oníbàárà sì wà lórí máṣíìnì mi ní Sakété tó ń dúró dè mí. Mo tẹ Wí, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni.

Ilà kan ń kún díẹ̀díẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n bí fíìmù ṣe ń wọnú dísìkì lọ. Mo ń kọrin. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń kọrin. Nígbà tó parí, mo wá ohùn yín, mi ò rí i. Mo fa dísìkì yọ, mo ki í bọ rédíò Ìyá, rédíò ò dáhùn. Àpótí náà ti sọ ọ́ di tirẹ̀ pátápátá, kò tún sí ẹ̀rọ mìíràn tó lè ṣí i. Fíìmù àwọn àjèjì pé níbẹ̀, ọ̀kan ò dín. Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò, èmi sì gbọn àpò náà dànù.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sakété, nítòsí ibi tí àwọn sẹ́mìjàn tó ń gbé èrò máa ń to alùpùpù wọn sí. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n padà wá. Mo padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà kẹta ló gbé e lé mi lọ́wọ́. “Tántì, ẹ dúpẹ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Dísìkì yín ṣì dáa.” Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún obìnrin tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ ló ń sọ fún mi yẹn. Kí ni n óò fi agbè ṣe? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi agbè náà gbá a lórí.

Fóònù yín ló kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ẹrù yín, ọwọ́ Bàbá Kékeré, àbúrò yín tó ń dáko ní Towé, ló bọ́ sí. Mo gun sẹ́mìjàn lọ bá wọn. Wọ́n yọ ọ́ jáde látinú àpò, wọ́n ti fi rọ́bà wé e, wọ́n tọ́jú rẹ̀ ju bí ẹ̀yin gan-an ṣe tọ́jú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ti gbé e fún ẹnì kan ní Pobè pé kó nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kúrò kí àwọn tó fi pe ẹnikẹ́ni. “Ọmọ mi, ṣé a kì í fọ aṣọ olóògbé kí á tó wọ̀ ọ́ ni?” A máa ń fọ̀ ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi fúnra mi ni mo fọ bùbá yín kí a tó pín wọn, tí mo fi ọṣẹ fọ òórùn yín kúrò lára wọn, tí mo sì sá wọn sórí okùn.

Ìyá bi mí léèrè dísìkì. Mo ní ó wà lọ́wọ́ aṣàtúnṣe ní Sakété, pé ẹnu rẹ̀ ló bàjẹ́ díẹ̀, pé kò ní pẹ́. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan tí mo bá dé Pobè, màá bá wọn lórí bẹ́ńṣì, wọ́n gbé rédíò lé itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Ṣé ó ti dé?” “Kò tíì dé, Ìyá.” Wọ́n á ní dákọ̀, ó dáa, wọ́n á sì gbé rédíò sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Wọn ò bínú, wọn ò rojọ́. Oúnjẹ wọn ń dín kù. Mo máa ń wo abọ́ tí wọ́n jẹ kù, ojú á sì tì mí débi pé mi ò ní lè jẹ tèmi náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo pa á lẹ́nu mọ́, mo jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó. “Ìyá, ẹ jókòó dáadáa, wọ́n ti ń bọ̀.” Wọ́n sún mọ́ mi lórí bẹ́ńṣì. Mo yan fíìmù tí wọ́n fẹ́ràn jù, ti obìnrin inú yìnyín tí ọkọ rẹ̀ lọ sójú ogun. Bàbá, mi ò tíì wò ó rí. Ẹnu yín ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ní ìparí rẹ̀ ọkọ náà á dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ha ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀ nù, á sì béèrè bóyá ọbẹ̀ ṣì kù. Gbogbo ìgbà ni Ìyá máa ń rẹ́rìn-ín síbi ọbẹ̀ yẹn.

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Mo da gààrí sílẹ̀ ní gbogbo ibi tó yẹ. Ọ̀rọ̀ mi ń já, mo ń wá ọ̀rọ̀ tiyín kiri, mi ò rí wọn, mo ń fi tèmi dí i. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Inú mi dùn, mo ti la ẹnu láti sọ pé ọkọ ti dé. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn. Ṣọ́jà méjì ni, wọ́n gbé fìlà kan lọ́wọ́. Ó gba fìlà náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, fíìmù sì parí. Kò sí ẹrẹ̀. Kò sí ọbẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Fíìmù mélòó lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí? Àwọn mélòó lẹ jí dìde lórí bẹ́ńṣì yẹn? Ìyá ń dúró. Mo wo ojú tẹlifíṣọ̀n, mo wo ojú wọn. Mo wúkọ́ kékeré kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo wá ní ọkọ ti dé, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ha ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀ nù, ó ń béèrè bóyá ọbẹ̀ ṣì kù.

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ mi kiri títí wọ́n fi dì í mú. “Bàbá yín náà, tí wọ́n bá ti wúkọ́ bẹ́ẹ̀, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan kú.” Wọ́n fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi. “O wúkọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí o ní dísìkì wà ní Sakété.”

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àpótí, Wí, agbè, Towé. Wọn ò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí. Wọ́n sunkún láìpariwo, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ ìró wọn nu ojú tèmi kí wọ́n tó nu tiwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ọkùnrin inú yìnyín yẹn, ṣé ó dé?” Mo ní, “Kò dé, Ìyá.” “Mo mọ̀. Ó yá, tún un sọ fún mi bí bàbá yín ṣe ń sọ ọ́.” Mo sì tún un sọ, títí dé ibi ọbẹ̀.

Àwọn àbúrò mi ò tíì mọ̀. Màá sọ fún wọn kí ọjọ́ ìrántí tó pé, kí wọ́n ṣe mí bó ṣe wù wọ́n. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ìbínú wọn lọ ni pé ohùn yín ti ń jìnnà sí mi létí. Mo rántí ọ̀rọ̀, mi ò rántí bó ṣe ń dún. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo ń pe Àjọkẹ́ bí ẹ ṣe ń pè é, kì í dún bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ lè dárí jì mí? Ṣé ẹ mọ̀ pé Ìyá mọ̀, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí ẹ sì ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀?

Ikọ́ yẹn nìkan ló ṣì ń dún létí mi ketekete. Láti ọjọ́ Ìsinmi ni mo ti ń rántí àárọ̀ tí a ń gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ti wà lórí ìjókòó ọkọ̀, Ìyá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n mú bàtà yín lọ́wọ́. Ẹ wúkọ́ kékeré kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ó ti padà dé kí àgbàdo tuntun tó jáde. Àwa ọmọ ní ìyẹ̀fun ni. Ìyá kàn na ọwọ́ wọlé, wọ́n wá ẹsẹ̀ yín kiri, wọ́n sì bá yín wọ bàtà yín.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tó jogún ikọ́ yín.