Eku Tí Kò Bẹ̀rù Ariwo Mọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé àwọn eku ibiṣẹ́ rẹ náà ń ṣe dáadáa? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ. Ara tiwa le, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló bá a yan odì.

Mo gbọ́ gbogbo àlàyé tí o ṣe lórí fóònù. O ní fọ́tò ọpọlọ eku lẹ̀ ń yà, pé bí ẹ bá fún un lóògùn oorun, ọpọlọ á sùn, fọ́tò kò ní fi nǹkan gidi hàn. Bó bá sì lajú sílẹ̀, ariwo ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò á já a láyà, á máa fò sọ́tùn-ún sósì, fọ́tò á dàrú. O ní o kò lè wálé títí fọ́tò yóò fi mọ́lẹ̀ kedere. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èmi tí mo bí ọ, ṣé eku ni yóò máa sọ ìgbà tí mo máa rí ọ?

Ni mo bá mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ àgbàdo wa, mo fi í sínú korobá, mo ń bọ́ ọ lẹ́pà. Àbúrò bàbá rẹ, alágbẹ̀dẹ, ń lu irin sí i létí láràárọ̀, kí ariwo lè mọ́ ọn lára. Ó ti wá mọ́ ọn lára ju bó ṣe yẹ lọ. Àga bàbá rẹ ló ń jókòó sí báyìí, bàbá rẹ ní kó dìde, ó ń wò ó lójú kòrókòró. Lánàá, ológbò aládùúgbò wọlé, ológbò ló sá.

Mo fẹ́ gbé e wá fún ọ. Yóò jókòó jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ yẹn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bí fọ́tò bá jáde, bá mi wo ibi tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó gèlè mi tó sọnù sí, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Bí àyè bá ṣẹ́kù, a ó ti bàbá rẹ náà wọ inú ẹ̀rọ náà, kí n mọ ohun tó ń rò nígbà tí mo bá pè é tí kò dáhùn.

Awakọ̀ ní òun kì í gbé eku lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà fi owó ọkọ̀ èèyàn kan àti eku kan ránṣẹ́. Má fi sí báǹkì o. Akọ̀wé ibẹ̀ ní ẹ̀rọ àwọn kò dá ojú mi mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọ̀nà rẹ mọ́lẹ̀ ju fọ́tò yẹn lọ. Bí ọ̀gá rẹ bá ní eku wa kò wúlò, kò burú, màá gbé e padà. Fọ́tò tìrẹ tí ò ń fi ránṣẹ́ kì í hàn dáadáa, ìwọ náà kì í dúró sójú kan. Ṣáà jókòó jẹ́ẹ́ níwájú mi, kí n wò ọ́ tẹ́rùn.

Èmi ni, ìyá rẹ.