Ẹ̀kọ́ Kan Náà Ni Bàbá Ń Kọ́ Wọn

Àǹtí Bertha mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Kánádà. Ṣé ara àwọn ọmọ le? Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Mo wálé fún ìsinmi yunifásítì. Bàbá ṣì ń kọ́ àwọn àbúrò mi nílé, l'Ókè Padre, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé tí mo ti dé, ẹ̀kọ́ katikísìmù kan náà ni wọ́n ń kọ́ wọn lójoojúmọ́, àwọn ọmọ sì ń dà á kọ láìjanpata. Mo bi Ìtùnú, ọ̀kan nínú wọn, léèrè. Ó ní, "Bọ̀dá, láti oṣù tó kọjá ni o. Ṣebí Bàbá ló ní a ò gbọdọ̀ já àgbà nírọ́?"

Mo rò pé ìbẹ̀rù lásán ló ń dà mí láàmú, àfi lánàá tí Bàbá bi mí pé ìgbà wo ni n óò ṣèdánwò àtiwọ yunifásítì.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n Bàbá nìkan lẹ lè bá wọn wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀lé mi lọ sí ọsibítù. Kí Màríà Mímọ́ bá wa bẹ̀bẹ̀.

Ọmọ yín,
Olúsànyà