Ẹni Tó Lè Pè Mí ní Ìwọ

Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá
Ọjọ́ kẹta mi nílé arúgbó yìí, ní Viseu, nílẹ̀ Potogí. Gbogbo ẹ̀ ti sú mi. Ọbẹ̀ kábéèjì tó ti tutù. Òórùn ìtọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn bí ọmọ ọwọ́. Èyí tó wá burú jù — Vanda, ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń wẹ̀ fún wa: "Evaristo, yanu, jẹ́ n nù ọ́ lẹ́nu."
"Ọ" kẹ̀! Sí èmi tí mo fi ogójì ọdún ṣe ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin! Mi ò bímọ. Deolinda ìyàwó mi ló ń pè mí ní ìwọ, ó sì ti kú. Ó wá ku Belmiro, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn méjì náà ni mo gbà fún.

Ìṣẹ́gun, 5
"Jẹ́ n wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ọ, ọmọ dáadáa." Mi ò jẹun.

Àìkú, 10
Belmiro pè láti Lamego, bí ó ti ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú. "Ìwọ òpònú yìí, wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ ṣá?" Mo ro ẹjọ́ Vanda. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ọmọ tó ń fọ ìdí mi, ọ̀wọ̀ wo ló tún kù tí mo ń wá lẹ́nu ẹ̀. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ajé, 11
Mo béèrè ìwé ẹ̀sùn pupa. Àyà Ìyá Kọ́kọ́rọ́ já — alábòójútó wa nìyẹn, ìdì kọ́kọ́rọ́ ń ró nídìí ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò sẹ́ni tó ń fi ìwé yẹn ṣeré, ìjọba ń kà á. Mo kọ ojú ewé kan gbáko. Mo dárúkọ Vanda. Mo buwọ́ lù ú.

Ọjọ́rú, 13
Wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná: òṣìṣẹ́ tó bá pe arúgbó ní ìwọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Vanda ò wojú mi. "Ẹ jẹ́ n nù yín lẹ́nu, Ọ̀gá Evaristo."
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ ṣì tutù.

Àìkú, 17
Belmiro ò pè. Ó ń bínú. Kó máa bínú lọ, èmi kọ́ ni n ó kọ́kọ́ pè.

Ìṣẹ́gun, 19
Ọmọ Belmiro pè láàárọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni bàbá ẹ̀ kú. Wọ́n ti sin ín. Ó ní, "A ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni." Ẹ gbọ́ ìranù! Mo kórìíra ẹ̀, mo kórìíra ara mi jù ú lọ.
Nígbà tí Vanda gbé ọbẹ̀ dé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pè mí ní ìwọ bíi tàtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.
"Ẹ dákun, Ọ̀gá, mo lọ́mọ tí mò ń bọ́. Ẹ yanu."
Mo yanu.