A Ti Gbálẹ̀ Yàrá De Ẹ̀dà Kẹfà

Abà Ọ̀pẹ,
Ọjọ́ Àìkú.

Gbádérọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ ní Ring Road, mo kí ilé rẹ ní Bódìjà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níbẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí wọ́n ti so yìgì èmi àti Bàbá Ṣàmsúdéènì, mo ṣì ń dá ẹ̀rín rín nídìí ààrò, àwọn aládùúgbò ní ọmọge kì í yọ̀ tó báyìí, mo ní kí àwọn náà lọ fẹ́ ọkọ.

Mo gbọ́ àlàyé tó o ṣe lórí fóònù nípa ìdí tó ò fi lè wá. O ní ọjọ́ yìgì gan-an lẹ ń fi Ẹ̀dà Keje, tí ẹ ń pè ní “version 7”, sípò, pé Ẹ̀dà Kẹfà tó ti ń bójú tó gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín láti ọdún mẹ́wàá, ìtọ́jú rẹ̀ á dópin níparí oṣù yìí, tí nǹkan bá ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn.

Gbádérọ̀, ṣé ẹ fẹ́ pa àgbàlagbà tì bẹ́ẹ̀ ni? Ẹni tí kò gba ìsinmi rí! Ìwọ náà sì ń pè wọ́n ní “ó” bíi pé ẹgbẹ́ rẹ ni. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?

Ọkọ mi ní nígbà tí àwọn fẹ̀yìn tì ní káńsù, ṣe ni àwọn ọ̀gá sin àwọn délé tàdúràtàdúrà, wọ́n tún fún àwọn ní aago ògiri. Ọkọ mi wá ní kí o mú bàbá náà wá sọ́dọ̀ wa. A ti gbálẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, ọkọ mi fọwọ́ ara wọn kùn ún ní ọ̀dà funfun. Mo bi ọ́ pé kí ni bàbá náà ń jẹ, o ní iná mànàmáná nìkan. Ọkọ mi ní irọ́ ni, ẹ̀yin lẹ ò fún wọn lóúnjẹ, ẹ̀kọ gbígbóná á gbé wọn dìde.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Oyèbọ́lá àbúrò bàbá rẹ ń sọ kiri pé kì í ṣe iṣẹ́ ló dí ọ lọ́wọ́, pé o ò fẹ́ rí ọkùnrin mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́yìn ikú bàbá rẹ ni. Mo ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo Jímọ́ọ̀ ni ọkọ mi ń wẹ̀, tí wọ́n ń jókòó sétí ọ̀nà títí mọ́tò tó kẹ́yìn láti Ìbàdàn á fi kọjá.

Jọ̀wọ́, fi owó fóòmù ibùsùn ránṣẹ́, èyí tó le díẹ̀, nítorí ẹ̀yìn àgbà. Tí oṣù bá parí, ẹ jọ máa bọ̀. Bí Ẹ̀dà Kẹfà ò bá fẹ́ wá, má fi agídí mú wọn, ìwọ nìkan máa bọ̀. Fóòmù náà á gbà ọ́.

Ọlọ́run á sìn ọ́ wálé, á fi ẹ̀rín sí ọ lẹ́nu nígbà tó o bá rí ọkọ mi, nítorí èèyàn dáadáa ni wọ́n.

Èmi ìyá rẹ,
Zùwáírátù, ìyàwó tuntun.