Irun Àgùntàn Tí Ìyá Bá Mi Fọ̀

Bàbá Làbákẹ́,

Irun àgùntàn tí mo rẹ sínú omi tútù, tí mo fẹ́ fi ran òwú kápẹ́ẹ̀tì, ìyá yín ti bá mi fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí. Omi gbígbóná ni wọ́n lò, wọ́n sì gbo ó bí ẹni ń fọ kíjìpá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti dì mọ́ra, ó le gbagidi, kò ṣe é ran mọ́.

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo wá lọ sunkún ní balùwẹ̀. Ẹ má bá wọn wí o, inú wọn ń dùn.

Mo ti lọ bá Mùktárù alágùntàn ní Mushin, bóyá màá rí òmíràn, torí oníbàárà mi ń bọ̀ ní Sátidé. Ìwọ̀nba tó kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ẹ má jẹ́ kí Ìyá gbálẹ̀ débẹ̀.

Wọ́n ní àwọn máa fi èyí tó dì yẹn rán fìlà fún yín. Ẹ máa dé e.

Ìyá Làbákẹ́