Bọ́ọ̀lì Jọ́ìntì Mẹ́rin Tí Mo Dá Padà sí Àbíjàn

Ilé Oyèdèjì,
Èjìgbò.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 1992.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Bọ̀dá Múrítàlá,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú àjò o. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín nínú ara líle ní Àbíjàn, ẹ̀yin, ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ara àwa náà le níbí. Inú ló ń bí mi, n ò sì ní fi bò fún yín.

Jímọ́ọ̀ tó kó ẹrù àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ yín dé ti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an. Ẹ ní kí n yé fi kẹrosíìnì fọ irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí mo ń tà lójú oníbàárà, pé àwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi ti fẹjọ́ sùn yín pé mo ń ba ọjà àwọn jẹ́. Ẹ ní bí n kò bá jáwọ́, kí n kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. N ò ní jáwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ìyá ní kí n má sọ fún yín. Lọ́dún tó kọjá, Àyànníyì tó ń fi Dátsùn kékeré rẹ̀ kó èrò lọ sí Ara wá bá mi pé ọkọ̀ òun ń fà sí ọ̀tún, táyà sì ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ta bọ́ọ̀lì jọ́ìntì kan fún un nínú ẹrù yín, irin tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ọkọ̀. Mo mì í, kò mì. Mo búra fún un pé ó ṣì le dáadáa. Àṣé gírísì líle tí wọ́n ki sínú rẹ̀ ló dì í mú! Kò lò ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi yọ lọ́nà Ara. Ìyá wà nínú ọkọ̀ náà. Apá wọn tí mo ní wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀ fi kán, ibẹ̀ ló ti kán. Ẹnu mi yìí ni mo fi polówó ọjà náà.

Láti ìgbà náà, báàfù kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ ń gbé síta láràárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra irin á máa wò mí bí mo ṣe ń fọ gírísì rẹ̀ kúrò, á gbà á, á mì í fúnra rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà wá ń pè mí ní Alágbàfọ̀. Kí wọ́n máa pè mí lọ. Àwọn mẹkáníìkì Ifẹ̀-Ọ̀dàn ń gun ọ̀kadà kọjá ṣọ́ọ̀bù àwọn ọlọ́jà yẹn wá sọ́dọ̀ Alágbàfọ̀.

Lánàá ni mo tú ẹrù tuntun yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dára, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gírísì tún le nínú bọ́ọ̀lì jọ́ìntì mẹ́rin bíi ti ọjọ́sí. Bóyá wọ́n tàn yín jẹ níbẹ̀ ni o, bóyá ẹ mọ̀ sí i ni o, ẹ̀yin lẹ lè sọ. N ò ní tà wọ́n. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ wá gbà á fúnra yín, níwájú Ìyá.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lálọ, kí ó ṣọ́ yín lábọ̀. Kí ó bù sí ọjà wa, kí ó fún wa ní èrè tí kò ní dá ẹnikẹ́ni lápá. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu títí di òní,
Fàsílátù.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Jímọ́ọ̀ ń kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo ti fọ̀ wọ́n mọ́. Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ gbé ọ̀kan sétí, kí ẹ mì í. Ìyá ní ìró yẹn gan-an làwọn gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn, kí ọkọ̀ tó dojú dé.